Ọrùn Tó Kọ̀

Màmá aláṣọ kan dé wọ́ọ̀dù wa lóru. Wọ́n ní ńṣe ló dà bí ẹni la ọmọ odó mọ́ àwọn lórí. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ orí wọn, mo rọra gbé e kí àgbọ̀n lè kan àyà. Ọrùn kọ̀. Ó le gbagidi, èjìká ló bá orí dìde.

"Màmá, ọjọ́ wo la wà lónìí?"

"Ọjọ́bọ̀ mà ni."

Wọ́n gbà á. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì: ìpele kejì.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nínú agbárí ló ń wú, á fẹ́lẹ́, á wá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì tú yí ọpọlọ ká. Botterell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto ti pín irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sí ìpele ní 1956. Ní 1968, Hunt àti Hess ní ìpínlẹ̀ Ohio tún un ṣe, lẹ́yìn tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn 275 yẹ̀ wò. Ìgbà tó yẹ kí wọ́n la orí ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Ìpele kìíní àti ìkejì, kí wọ́n tètè ṣe é. Ìkẹta sókè, kí wọ́n dúró kí ara kọ́kọ́ balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ tó le a máa fi ìpele kan kún un. Ẹ̀rọ CT kò tíì sí nígbà náà, 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi wo aláìsàn ní London. Ojú, ọwọ́ àti ìbéèrè ni wọ́n ní.

Àléébù ìpele Hunt àti Hess ni pé dókítà méjì lè wo ẹnì kan, kí ọ̀kan pè é ní ìkejì, kí èkejì pè é ní ìkẹta. Teasdale àti Jennett ti gbé máàkì Glasgow jáde ní 1974: ojú, ọ̀rọ̀ ẹnu, ìgbápá-gbẹ́sẹ̀, láti 15 wálẹ̀ dé 3. Ní 1988, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ lágbàáyé gbé ìpele tuntun ka orí rẹ̀. Ẹni tó bá gba 14 tàbí 13, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lágbára, ìpele kejì ni. Bí wọ́n bá rọ, ó di ìkẹta. Àwọn kan ní kí á pa ti Hunt tì. Èmi ò gbà, torí òun ló kọ́ mi láti fọwọ́ kan ọrùn aláìsàn.

Nídàájí, Màmá ń fi orúkọ àbúrò wọn pe ọmọ wọn. Bí mi ò bá pè wọ́n, wọn kì í lajú. Máàkì kan lọ lórí ojú, ọ̀kan lọ lórí ọ̀rọ̀: 13. Dókítà bi mí lórí fóònù pé, "Ọwọ́ ńkọ́?" Mo ki ìka méjì-méjì bọ àtẹ́lẹwọ́ wọn, mo ní kí wọ́n fún un. Ọ̀tún fún un dáadáa. Òsì kàn sùn lélẹ̀ lọ́wọ́ mi.