Abidjan àti Ìjọba Àpapọ̀ Dakar: Àríyànjiyàn Ìyapa, 1956 sí 1960

Bí a bá dárúkọ Abidjan ti àwọn ọdún tó ṣáájú òmìnira, tẹ́tẹ́ tí Félix Houphouët-Boigny àti Kwame Nkrumah ta ní oṣù kẹrin ọdún 1957 ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ òpìtàn. Oṣù tó ṣáájú ni Gánà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, Nkrumah sì wá kí aládùúgbò rẹ̀. Àwọn méjèèjì dá ọdún mẹ́wàá: nínú ẹni tó gba òmìnira pátápátá àti ẹni tó fẹ́ bá ilẹ̀ Faransé rìn pọ̀, kí a wo ẹni tí ilé rẹ̀ yóò tòrò jù. Ìtàn náà dùn-ún sọ, àwọn olùkọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bo àríyànjiyàn mìíràn mọ́lẹ̀, èyí tó ká àwọn ará Abidjan lára jù ú lọ lákòókò náà. Kì í ṣe Paris ni àríyànjiyàn ọ̀hún dá lé, Dakar ni.

Láti ọdún 1895 ni ìjọba Faransé ti ń kó àwọn ilẹ̀ tí ó gbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sábẹ́ gómìnà àgbà kan ṣoṣo. Dakar di ibùjókòó gómìnà náà ní ọdún 1902. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ mẹ́jọ ni ó wà nínú àpapọ̀ ọ̀hún: Sẹ̀nẹ̀gàl, Mọriténíà, Soudan tí ó di Málì lẹ́yìn náà, Gínì, Côte d'Ivoire, Haute-Volta tí ó di Burkina Faso, Nìjẹ́r, àti Dahomey tí ó di Bẹ̀nẹ̀. AOF ni ìkékúrú orúkọ rẹ̀. Láti ọdún 1947 ni ìgbìmọ̀ ńlá kan ti wà ní Dakar. Ilé aṣòfin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan ènìyàn márùn-ún lọ síbẹ̀. Ètò ìṣúná owó ni ó jẹ ìgbìmọ̀ náà lógún jù, níbẹ̀ gan-an sì ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí ọjà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde kì í dúró sí èbúté tí wọ́n ti gbà á. Dakar ni ó ń lọ, Dakar ni ó sì ń pín in padà. Nígbà tí olú ìlú Côte d'Ivoire ṣì ń ṣí kiri, láti Grand-Bassam sí Bingerville, kí ó tó dé Abidjan ní ọdún 1934, ètò yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀rọ̀ yí padà lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Oko kòkó àti oko kọfí gbòòrò sí i. Ní ọdún 1950 wọ́n la ọ̀nà omi Vridi gba inú yanrìn etíkun kọjá, ọkọ̀ òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọ̀sà Abidjan wá. Kò pẹ́ tí èbúté tuntun náà fi di èyí tó lè bá ti Dakar du ipò. Àwọn ará Côte d'Ivoire wá ń sọ pé àwọn ni màálù tí gbogbo àpapọ̀ ń fún wàrà rẹ̀ mu.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Nàìjíríà kò ní ṣàì rántí pé irú ẹjọ́ kan náà ni àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ń rò ní àkókò kan náà, lórí kòkó kan náà. Ọdún 1954 ni ìlànà pé kí owó padà sí ẹkùn tó ti wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Ní àpérò tí wọ́n ṣe ní Èkó lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ Action Group tilẹ̀ béèrè pé kí ẹ̀tọ́ láti yapa wà nínú òfin, wọn kò sì gbà fún un. Ṣùgbọ́n àwọn olóṣèlú Nàìjíríà jókòó ti ọ̀rọ̀ owó wọn, wọ́n sì jà á ní gbangba, ẹkùn sí ẹkùn. AOF kò rí irú àpérò bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹjọ́ Abidjan lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ẹjọ́ tó wà. Ojú irin tó gbé Abidjan ga, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1904, tó dé Bobo-Dioulasso ní ọdún 1934, tó sì dé Ouagadougou ní ọdún 1954, ojú irin àpapọ̀ ni. Ní ọdún 1932, ìjọba Faransé fọ́ Haute-Volta sí wẹ́wẹ́, ó sì fi apá tó pọ̀ jù kún Côte d'Ivoire. Ọdún 1947 ni ó tó dá ilẹ̀ náà padà. Láàárín ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn Mossi ni wọ́n fi tipátipá kó wá sí oko kòkó àti oko kọfí. Houphouët-Boigny fúnra rẹ̀ mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí òfin ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946 tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ni ó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Dakar kan náà ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ọrọ̀ tí wọ́n ní Dakar ń jẹ, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kì í ṣe ọmọ Côte d'Ivoire wà nínú rẹ̀.

Ohun tó sọ ìkùnsínú di òṣèlú ni òfin tí wọ́n ń pè ní loi-cadre, ti ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1956. Orúkọ Gaston Defferre ni wọ́n fi ń pe òfin náà, ṣùgbọ́n Houphouët-Boigny wà nínú ìjọba Paris gẹ́gẹ́ bíi mínísítà nígbà náà, ó sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Òfin yìí fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ ìjọba tirẹ̀. Kò fún Dakar ní irú rẹ̀. Léopold Sédar Senghor ti Sẹ̀nẹ̀gàl ni ó pariwo jù pé ìfọ́sí-wẹ́wẹ́ nìyí, ó sì mú orúkọ àwọn ilẹ̀ Balkan ní Yúróòpù tí wọ́n pín sí kéékèèké wá fi pè é: balkanisation. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi í sọ àyà, ni ìtumọ̀ ohun tí òun àti àwọn tirẹ̀ ń wí. Àtakò wọn kò ṣàì ní ọwọ́ ìmọtara-ẹni nínú pẹ̀lú: bí àpapọ̀ bá tú ká, olú ìlú àpapọ̀ di olú ìlú Sẹ̀nẹ̀gàl lásán.

Èdè ni ó kó onítumọ̀ sí wàhálà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fédération, confédération, communauté, union: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn wọ̀nyí jẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń jiyàn, ọ̀pọ̀ ìbò sì ni wọ́n jẹ tàbí pàdánù nítorí ìyàtọ̀ wọn. Yorùbá a máa fi 'àpapọ̀' kó gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ìyàtọ̀ kan tí Faransé kò fi bẹ́ẹ̀ ní, láàárín kí ènìyàn yapa àti kí ó yọwọ́. Ìyapa ni àwọn alátakò rí. Lójú àwọn ará Abidjan, ẹni tó yọwọ́ nínú àwo tí wọn kì í jẹ́ kí ó bu òkèlè níbẹ̀ ni àwọn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1957, ẹgbẹ́ RDA ṣe àpéjọ ní Bamako. Ẹgbẹ́ yìí tàn ká gbogbo AOF, Houphouët-Boigny sì ni ààrẹ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò tẹ̀ lé e. Sékou Touré ti Gínì àti Modibo Keïta ti Soudan fẹ́ kí Dakar ní ìjọba tí àwọn ọmọ Áfíríkà yóò yàn. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn parí ìpàdé náà, Houphouët-Boigny sì wà nípò rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà òun ni ó ń darí ìgbìmọ̀ ńlá Dakar: ẹni tí kò fẹ́ kí ilé náà dúró ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbò ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1958 ni ó yẹ kí òpìtàn dúró sí. Ó lé ní 99 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ní Côte d'Ivoire tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni; Gínì nìkan ni ó sọ pé rárá ní AOF, ó sì gba òmìnira ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń kọ ọ́ bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni Côte d'Ivoire yan ọ̀nà tirẹ̀ kúrò lára àwọn aládùúgbò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ tuntun ti de Gaulle ni wọ́n fi síwájú àwọn olùdìbò, pé ṣé wọ́n gbà á tàbí wọn kò gbà á. Kò sí ẹni tó bi wọ́n bóyá kí àpapọ̀ Dakar dúró. Abala 76 òfin náà fi í sílẹ̀ fún ilé aṣòfin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti pinnu ipò tó fẹ́, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú àwọn mìíràn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá ọdún yẹn, ilé aṣòfin Abidjan kéde orílẹ̀-èdè olómìnira ti Côte d'Ivoire nínú àjọṣe pẹ̀lú ilẹ̀ Faransé. Báyìí ni àpapọ̀ tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ṣe tú ká láìsí pé a bi àgbẹ̀ kan tàbí ọlọ́jà kan léèrè.

Àwọn ará ìlú sì ti fún un ní èsì tiwọn kí ilé aṣòfin tó jókòó. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1958, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Abidjan. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní LOCI, ti àwọn tó pe ara wọn ní ọmọ onílẹ̀, ni ó wà nídìí rẹ̀. Àwọn ará Dahomey àti Tógò ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n kó ilé wọn, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sá lọ sí èbúté, ọkọ̀ òkun sì kó wọn padà sí Lomé àti Kútọnu. Iṣẹ́ ni ó fa á. Ilé ẹ̀kọ́ ti gbilẹ̀ ní Dahomey kí ó tó gbilẹ̀ ní Côte d'Ivoire, nítorí náà àwọn ọmọ ibẹ̀ ni ó pọ̀ nínú àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ìjọba àti ti àwọn ilé iṣẹ́ òwò. Ìjọba àmúnisìn ni ó ń gbé wọn láti ilẹ̀ kan sí èkejì, bí ẹni pé ilẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀.

Ó yẹ kí èyí ká olùkàwé Yorùbá lára, nítorí Dahomey ni ilẹ̀ tí Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ wà. Bí a bá wá ẹni tó jẹ́ ọmọ AOF ní tòótọ́, akọ̀wé láti Àjàṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Treichville ni. Àwọn olóṣèlú ń jiyàn owó ibodè àti ìgbìmọ̀ ìjọba. Lójú pópó, ìyàn kan náà di pé ta ni yóò jókòó sídìí tábìlì ọ́fíìsì. Kò sí àpérò kankan nínú àwọn tí a ti mẹ́nu bà tó ṣètò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí àpapọ̀ bá tú ká. Èyí ni àléébù tó burú jù nínú ìyapa náà, ó burú ju ti owó lọ.

Àwọn tó fẹ́ àpapọ̀ kò káwọ́ gbera. Ní oṣù kìíní ọdún 1959, aṣojú Sẹ̀nẹ̀gàl, Soudan, Haute-Volta àti Dahomey pé ní Dakar, wọ́n sì dá àpapọ̀ Málì sílẹ̀. Kò pẹ́ tí Haute-Volta àti Dahomey fi jáde. Ojú irin Haute-Volta, Abidjan ni ó já sí. Ní Dahomey, ọ̀rọ̀ èbúté tí wọ́n fẹ́ kí Faransé bá wọn kọ́ sí Kútọnu wà nínú ohun tí wọ́n rò. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1959, Côte d'Ivoire, Haute-Volta, Nìjẹ́r àti Dahomey dá Conseil de l'Entente sílẹ̀ ní Abidjan. Wọ́n ní àpò ìrànwọ́ kan, Côte d'Ivoire ni ó sì ń dá èyí tó pọ̀ jù sínú rẹ̀. Ẹni tó ní àwọn kò lè máa bọ́ àpapọ̀ mọ́ tún wá ń bọ́ ilẹ̀ mẹ́ta. Àyípadà tó bá ọ̀rọ̀ náà ni pé ọwọ́ tó ń pín in ti kúrò ní Dakar, ó ti dé Abidjan. Èyí ni ó jẹ́ kí ó ṣòro láti gbà pé ìṣọ̀kan fúnra rẹ̀ ni Houphouët-Boigny kò fẹ́.

Ọdún 1960 yára kọjá. Àpapọ̀ Málì, tó ku Sẹ̀nẹ̀gàl àti Soudan, gba òmìnira ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà, ó sì fọ́ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ. Láàárín oṣù méjì yẹn ni àwọn mẹ́rin tó wà nínú Entente gba òmìnira tiwọn, Côte d'Ivoire ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn náà, Houphouët-Boigny gbìyànjú láti mú kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú Entente jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yòókù pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á, wọ́n sì pa àbá náà tì ní ọdún 1966. Nìjẹ́r, tó wà nínú Entente kan náà, ti lé àwọn ará Dahomey tirẹ̀ jáde ní ọdún 1963.

Owó CFA nìkan ni kò bá àpapọ̀ lọ. Gínì jáde nínú rẹ̀ ní ọdún 1960. Málì jáde ní ọdún 1962, ó sì padà wọ inú ẹgbẹ́ olówó kan náà pátápátá ní ọdún 1984. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn ìjọba ológun Málì, Burkina Faso àti Nìjẹ́r kéde pé àwọn jáde kúrò nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975. Méjì nínú wọn wà lára àwọn tó bá Abidjan dá Entente sílẹ̀ ní ọdún 1959. Kò sí ìdìbò lórí rẹ̀ ní èyíkéyìí nínú orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó CFA sì wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí ìjáde náà fìdí múlẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025. Lọ́jọ́ náà, ECOWAS ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tó kù ṣì máa gba ìwé ìrìnnà àwọn ọmọ ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ní àmì ẹgbẹ́ lára, títí tí wọn yóò fi pinnu ohun mìíràn.