Ìdánwò Ìṣirò Lẹ́nu Ọ̀nà Yunifásítì: Ìtàn Láti Màídúgùrì

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń sọ fún wa pé, lẹ́yìn tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ti gbà wọ́n wọlé tán, wọ́n ṣì máa ń ṣe ìdánwò ìṣirò kan. Kì í ṣe láti lé wọn padà sílé o. Kí àwọn olùkọ́ lè mọ kíláàsì tí yóò bá wọn mu ni. Ó máa ń ya àwa tilé lẹ́nu, torí ìdánwò tí àwa mọ̀ máa ń wá ṣáájú kí wọ́n tó gbani wọlé. Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ̀ ọ́n: títí di ọdún 2025, ọmọ lè gba A nínú lítíréṣọ̀, kó gba A nínú ìtàn, tí kò bá ti ní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò, àfi kó padà lọ jókòó ti WAEC tàbí NECO lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Èyí kò wà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1948 lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìdánwò fún ẹni tó fẹ́ wọlé. Nsukka dé lọ́dún 1960. Ifẹ̀, Zaria àti Èkó dé lọ́dún 1962. Oníkálukú ń ta fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ọmọ kan lè gba ọ̀nà jíjìn lọ ṣe ìdánwò ní ìlú méjì mẹ́ta, kí ilé-ìwé méjì sì gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, kí àyè kan ṣòfò. Nígbà tí yunifásítì wá di mẹ́tàlá, ìjọba rí i pé kò lè máa lọ bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí Ọ̀gbẹ́ni M. S. Angulu darí ló dámọ̀ràn pé kí ìdánwò di ẹyọ kan. JAMB nìyẹn, lọ́dún 1978, Angulu náà ló sì kọ́kọ́ ṣe akọ̀wé àgbà rẹ̀.

Ara àwọn mẹ́tàlá náà ni Yunifásítì Màídúgùrì. Ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀. Ìlú náà kò ṣàjèjì sí àwọn èèyàn wa. Ojú irin ti dé ibẹ̀ láti ọdún 1964, ọ̀pọ̀ Yorùbá ló sì ti ń ṣòwò, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Ohun tó ṣòro ni pé ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kò pọ̀ ní agbègbè náà. Ẹ rántí pé oṣù kìíní ọdún 1955 ni Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Nígbà tí JAMB fi dé, ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Gwoza wá jókòó síwájú ìbéèrè kan náà, lọ́jọ́ kan náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú èkejì lójú ọ̀nà.

Wọ́n wá ètò kan sí i, tí àwa Yorùbá kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀: àyè fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ òbí nílẹ̀ wa ló ti bínú sí i, ìbínú wọn sì nídìí, torí ọmọ wọn gba máàkì tó ga, kò sì wọlé. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àlébù ètò náà wà níbòmíràn. Ó lè bá ọmọ ṣílẹ̀kùn, kò lè bá a ṣe ìṣirò tí olùkọ́ kọ sójú pátákó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ohun tó lè ṣe ìyẹn ni kíláàsì. Àwọn ará Zaria ti mọ̀ ọ́n: ní àwọn ọdún 1970, Yunifásítì Ahmadu Bello ní ilé-ẹ̀kọ́ ìgbáradì kan tí wọ́n ń pè ní School of Basic Studies, ọ̀dọ̀ wọn náà ni ìdánwò IJMB ti jáde. Màídúgùrì náà ní ẹ̀kọ́ remedial tirẹ̀. Ọmọ tí kò kún ojú òṣùwọ̀n á fi odindi ọdún kan kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kó tó bẹ̀rẹ̀ dìgírì. Níhìn-ín, a máa ń fi “remedial” ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni. Ẹ jọ̀ọ́, mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni kò gba ọ̀nà IJMB yìí kan náà nígbà tí JAMB lé wọn lẹ́ẹ̀kẹta?

Àwọn kan á ní orí ọmọ mìíràn kò gba ìṣirò ni. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàrin ọ̀nà lọ. Orí kan náà ni. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ wọn ló yàtọ̀. Ọmọ tó ń sọ Kanuri nílé ńkọ́?

Ogun Boko Haram wá bẹ́ sílẹ̀ ní Màídúgùrì lóṣù keje ọdún 2009. Lóṣù kẹta ọdún 2014, ìjọba Borno ti ilé-ẹ̀kọ́ gírámà pa. Àwọn ọmọbìnrin 276 tí wọ́n kó lọ ní Chibok lóru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, ìdánwò àṣekágbá ló mú kí wọ́n kóra jọ síbẹ̀. Yunifásítì Màídúgùrì kò tìlẹ̀kùn ní gbogbo àkókò yẹn, àní lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bú nínú mọ́ṣáláṣí ọgbà wọn ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2017, tó pa ọ̀jọ̀gbọ́n kan. Tí a bá wá fún ọmọ tó la èyí já ní ìbéèrè ogójì lórí ìṣirò, kí gan-an la fẹ́ fi mọ̀?

Àwọn ará Yola dáhùn ìbéèrè yẹn lọ́nà tó dùn mọ́ mi. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ Chibok tó sá àsálà, àti àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún tó dé bá wọn lọ́dún 2017 lẹ́yìn ìdásílẹ̀, American University of Nigeria kọ́kọ́ kó wọn sí New Foundation School, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò láti ibi tí kálukú bá a dé. Díẹ̀díẹ̀ làwọn kan ń bọ́ sí kíláàsì dìgírì.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọmọ tó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ arts kò nílò kírẹ́díìtì ìṣirò mọ́ kó tó wọ yunifásítì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò ṣì jókòó ṣe ìdánwò náà. Inú ọ̀pọ̀ ilé dùn. Ọmọbìnrin tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Màídúgùrì ṣì nílò rẹ̀, ẹni tí yóò jókòó tì í kọ́ ọ ló kù.