Òjé, Methanol àti Ariwo Ẹ́ńjìnnì: Ìtàn Epo Títí Dé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí

Bí kòròpé tó kún fún èrò bá ń gun afárá Ajah lọ́sàn-án gangan, tí awakọ̀ sì fẹ́ kó yára sí i, ẹ́ńjìnnì mìíràn a máa dún kọkọkọ bí ìgbà tí wọ́n ń fi òkúta kan agolo. Epo ló gbaná fúnra rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè fọ́ písítọ́ọ̀nù. Bí epo ṣe lè kó ara rẹ̀ níjàánu tó, tí kò fi ní gbaná láìtọ́jọ́, ni òdiwọ̀n octane ń sọ. Kò sọ bí ọkọ̀ yóò ṣe sáré tó.

Ariwo yìí ti ń yọ àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ lẹ́nu tipẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1921, Thomas Midgley, tó ń ṣiṣẹ́ fún General Motors ní Dayton, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, rí i pé bí wọ́n bá da èròjà olójé tí wọ́n ń pè ní tetraethyl lead díẹ̀ sínú epo, ariwo náà a rọlẹ̀. Nígbà tó di 1923, epo náà ti wà lọ́jà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe èròjà náà ní Bayway, ìpínlẹ̀ New Jersey. Májèlé òjé ló pa wọ́n. Síbẹ̀, wọn kò jáwọ́, torí pé òjé kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ó dé ọ̀dọ̀ wa náà. Nígbà tí ìjọba Lateef Jakande la títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, epo olójé ni àwọn ọkọ̀ ń jẹ, èéfín rẹ̀ sì ni àwọn ọmọdé ń fà símú. Oṣù Kẹfà ọdún 2001 ni àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà fẹnu kò ní Dakar pé àwọn yóò pa á tì. Kí 2006 tó wọlé, Nàìjíríà ti bọ́ nínú rẹ̀. Algeria ló kẹ́yìn lágbàáyé, ní 2021.

Òjé lọ, wàhálà kò tán. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba kéde pé èròjà tí wọ́n ń pè ní methanol ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú epo tí wọ́n kó wọ̀lú. Mele Kyari, ọ̀gá NNPC nígbà náà, ní Antwerp ní Belgium ni wọ́n ti kó o. Wọ́n kó epo náà kúrò nílé epo, ìlà ọkọ̀ sì gùn káàkiri Èkó. Bẹ́ẹ̀, octane methanol ju 100 lọ! Àmọ́ ó máa ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ rọ́bà àti irin inú ọkọ̀.

Lónìí, ilé ìfọpo Dangote, tó lè fọ 650,000 àgbá lójúmọ́, wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni àwọn tánkà kọ́kọ́ gbé bẹntiróòlù jáde níbẹ̀. Nínú irú ilé ìfọpo bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń tún èròjà inú epo fúnra rẹ̀ tò kí octane rẹ̀ lè ga, láìbu òjé sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, bí ẹ bá rí octane 87 lára ọkọ̀ yín, ẹ má fòyà: bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n lọ́hùn-ún ló yàtọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 91 tiwa dọ́gba. Epo octane gíga kò ní fi agbára kún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ oní-turbo tó béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ wá a fún. Ẹ ka ìwé ọkọ̀ yín kí ẹ tó náwó.