Wi-Fi àti VPN Lórí Linux: Bí Ó Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti dá Twitter dúró ní Nàìjíríà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti dí ọ̀nà rẹ̀ pa, VPN, ètò tó ń mú ìsopọ̀ ẹni gba inú sáfà mìíràn kọjá, sì di ọ̀rọ̀ ẹnu tọmọdé tàgbà. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Lóṣù keje ọdún yẹn, kọ́ọ̀tù ECOWAS dájọ́ pé ìfòfindè náà lòdì sí òmìnira láti sọ̀rọ̀.

VPN kì í ṣe nǹkan tuntun. Ọdún 2001, tí GSM dé Nàìjíríà, ni James Yonan gbé OpenVPN jáde. Ní 2004, Red Hat bẹ̀rẹ̀ NetworkManager, kí ẹni tó ń lo Linux má baà máa fọwọ́ kọ fáìlì ìsopọ̀ níbikíbi tó bá dé. Lẹ́yìn náà ni Michael Stapelberg ṣe i3 ní 2009: ètò tó ń to fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí kíbọ́ọ̀dù ń darí. Níbẹ̀, àṣẹ ni a sábà fi ń mú Wi-Fi, bíi nmcli tó jẹ́ ti NetworkManager.

Ẹ wo ilé kan ní Òkè-Àdó tí NEPA ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná. Ráútà ti kú, ṣùgbọ́n bátìrì láptọ́ọ̀pù ṣì wà, fóònù náà sì ní dátà. Onílé á tan hotspot, á tẹ "nmcli device wifi list", orúkọ àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti agbára wọn á yọ, á wá fi "nmcli device wifi connect" mú ti fóònù. Lẹ́ẹ̀kan péré ni á kọ ọ̀rọ̀ aṣínà. Bí iná bá tún lọ, "nmcli connection up" àti orúkọ hotspot náà ti tó.

VPN ló máa ń já nírú àkókò yìí. OpenVPN sábà máa ń tún ara rẹ̀ so láti ìbẹ̀rẹ̀. WireGuard ti Jason Donenfeld kì í ṣe bẹ́ẹ̀: kọ́kọ́rọ́ ló fi ń mọ ẹni, kì í ṣe àdírẹ́sì, nítorí náà ó ń bá iṣẹ́ lọ bí a bá kúrò lórí ráútà bọ́ sórí fóònù. Ó wọ inú kernel Linux 5.6 ní oṣù kẹta ọdún 2020. Lójú tèmi, kò sí èyí tó bá ipò iná wa mu tó o. NetworkManager náà ti ń gbé e láti 2019: "nmcli connection import type wireguard file wg0.conf" ló ń gba fáìlì rẹ̀ wọlé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ọwọ́ ẹni tó ni sáfà VPN náà ni gbogbo ohun tí ẹ bá ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá.