Ọmọ Tí Ó Sanra Jù àti Oúnjẹ Tí Ó Di Bárakú

Ní ìhà gúúsù ìlú Abidjan, lórí erékùṣù kan nínú ọ̀sà Ébrié, ni Koumassi wà, àdúgbò Remblais sì jẹ́ ara rẹ̀. Ní èdè Faransé, ìtumọ̀ orúkọ náà ni ilẹ̀ tí a kó erùpẹ̀ dí. Àwọn ọmọ Yorùbá kì í ṣe àlejò ní ìlú yìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò ti ń ṣòwò ní Abidjan, Anago ni a sì ń pè wọ́n níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọmọ Koumassi kan Èkó, ó sì kan Ìbàdàn.

Láyé àtijọ́, ebi ni olórí ọ̀tá ọmọdé. Ní ọdún 1933, Cicely Williams, oníṣègùn obìnrin tí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, kọ̀wé nípa àìsàn àwọn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú tí a sì ń fi àgbàdo nìkan bọ́. Ní 1935 ó sọ orúkọ tí àwọn ará Gá ń pe àìsàn náà fún gbogbo ayé: kwashiorkor. Abájọ tí ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá sanra fi ń dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ ìlú ńlá yí padà. Côte d'Ivoire kì í ṣe ilẹ̀ àlìkámà, síbẹ̀ ní 1963, ọdún kẹta òmìnira, a dá ilé-iṣẹ́ ìlọ̀yẹ̀fun Grands Moulins d'Abidjan sílẹ̀. Búrẹ́dì di oúnjẹ òòjọ́. Bísíkíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò dúró ti attiéké tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín tí wọ́n ń pè ní alloco.

Ní 1975, ọmọ ọdún 5 sí 19 tí ìsanrajù ń bá jà ní gbogbo ayé jẹ́ mílíọ̀nù 11. Ní 2016 wọ́n di mílíọ̀nù 124. Ní 2025, àjọ UNICEF kéde pé, fún ìgbà àkọ́kọ́, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ ju àwọn tí ó rù lọ. Ilẹ̀ Áfíríkà ní gúúsù Sàhárà wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé bá. Àkókò ṣì wà láti gbégbèésẹ̀.

Ǹjẹ́ oúnjẹ lè di bárakú bí tábà? Ní 2009 àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Yale gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ láti fi wò ó. Àríyànjiyàn kò tíì tán, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò sì kà á mọ́ àìsàn. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni pé ṣúgà inú ohun mímu kì í tètè yóni, àti pé ìsanrajù a máa fa àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Nítorí náà, kí a má ṣe pe ọmọ ní wọ̀bìà. Kì í ṣe ọmọ ni ó pàtẹ ọjà, kì í sì í ṣe òun ni ó ń ṣòfin. Ní 2022 Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí gba owó-orí náírà 10 lórí lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Ti òbí ni omi mímọ́, èso, ẹ̀fọ́ àti pápá eré. Kòtò ni a ń kó erùpẹ̀ dí. Ikùn ọmọ kì í ṣe kòtò.