Ìbàdàn Ló Kọ́ Ọ: Ìbẹ̀rẹ̀ Ìgbésí-Ayé Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ títí di 1944

Àwọn tó ń wá orísun Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, sábà máa ń kọjú sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945. Lójú tiwọn, ìfẹ́ ẹ̀yà ló sọ ọ́ di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kó tó lọ kọ́ òfin ní 1944 ni iṣẹ́ olórí ẹgbẹ́ ti mọ́ ọn lára n'Ìbàdàn, láàárín àwọn oníṣòwò, àwọn onímọ́tò àti àwọn òṣìṣẹ́.

Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, 1909. Ikú baba rẹ̀ ní 1920 ló sọ ẹ̀kọ́ di ohun tí ọmọ náà ń fi òógùn ara rẹ̀ rà. Ó dé Wesley College n'Ìbàdàn ní 1927. Lẹ́yìn náà ó ṣe tíṣà, ó ṣe atẹ̀wé àti akọ̀wé, ó ṣe oníròyìn fún Daily Times, ó ra kòkó tà, ó sì fi mọ́tò ṣòwò. Ẹni tó bá wo èyí lóréfèé lè pè é ní ìrìn àrìnkiri. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe nínú òwò kọ̀ọ̀kan: ó kó àwọn oníṣòwò irè-oko jọ sínú ẹgbẹ́, ó di akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò, ó sì wà lára àwọn tó dá àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1943. Òwò tirẹ̀ wọ gbèsè; ìmọ̀ bí a ti ń kó èèyàn jọ, tí a sì ń bá ìjọba jà lórí ọ̀rọ̀ wọn, kò bá a lọ.

Ní 1940 ó di akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣèlú Nigerian Youth Movement n'Ìbàdàn, ipò yìí ló sì wà tó fi ṣáájú ìjà àtúnṣe ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn nímọ̀ràn ní 1942. Àmọ́ ẹ̀rí tó lágbára jù lọ fún mi ni ti 1941. Àga kan ṣófo fún Èkó nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, Ernest Ikoli, ọmọ ẹ̀yà Ìjọ (Ijaw), àti Samuel Akínsànyà, ọmọ Ìsarà ní Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ, sì ń du ìfọwọ́sí ẹgbẹ́. Àwọn ará ẹ̀yìn Akínsànyà, tí Azikiwe wà lára wọn, ní torí pé Ìjẹ̀bú ni ni wọ́n ṣe tì í sẹ́yìn. Awólọ́wọ̀, ọmọ Rẹ́mọ gan-an, ti Ikoli lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ẹ̀yà ló ń darí rẹ̀ nígbà yẹn, ibòmíràn ni ì bá dúró sí.

Àwọn tó ń kọjú sí Lọ́ńdọ̀nù lè ní láìsí Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, Action Group kì bá rí àwọn ọba àti ọlọ́rọ̀ tó gbè é. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n èèyàn tí ẹgbẹ́ rí gbà yàtọ̀ sí ọgbọ́n tí a fi ṣètò wọn. Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ: ìwé ìtàn ara rẹ̀ tó jáde ní 1960 ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa àwọn ọdún wọ̀nyí ti wá, olóṣèlú ló sì kọ ọ́. Ó yẹ kí a fura sí i. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn gbèsè rẹ̀ níbẹ̀, ìjà 1941 kò sì gbára lé ìwé náà rárá: ìta gbangba ni wọ́n ti jà á, nínú àwọn ìwé ìròyìn Èkó, ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án kí àwọn èèyàn díẹ̀ tó pé jọ n'Ìbàdàn ní oṣù Kẹta 1950 láti fi ìpìlẹ̀ Action Group lélẹ̀.