Erinmi Mẹ́rin Nínú Omi Kan

Bí ẹ bá ti gbé ní Ṣàngó-Ọ̀tà rí, ẹ mọ̀ pé ariwo tírélà ló ń jí èèyàn láàárọ̀. Kọ̀ǹténà ni wọ́n ń kó bọ̀ láti Àpápá wá sí àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó wà níbẹ̀. Àwa tí a ń kọ sọ́fítíwíà fún ilé ìkẹ́rùsí kan lágbègbè náà, ara iṣẹ́ wa ni pé ká rí i pé orúkọ ọkọ̀ òkun tó gbé ẹrù wọ̀lú wà lákọsílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wa béèrè pé: báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọkọ̀ òkun lórúkọ, kí sì ni wọ́n ń pè ní kíláàsì rẹ̀?

Àwa tí a kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà rò pé a mọ kíláàsì. Ó dà bíi páálí tí télọ̀ fi ń gé aṣọ: páálí kan ṣoṣo lè bí ogún ẹ̀wù, kí ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan sì ní olówó tiẹ̀. Ọkọ̀ òkun náà rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá kan látinú àwòrán kan ló sábà máa ń fún àwọn àbúrò ẹ̀ lórúkọ ìdílé.

Ẹ wo àwọn ọkọ̀ tó ń fọ́ yìnyín lókun àríwá ayé. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń pín wọn. Àkọ́kọ́ ni ti agbára, láti PC 1 dé PC 7. PC 1 lè rìn nínú yìnyín ibẹ̀ látọdún dọ́dún. PC 7 ò gbọdọ̀ kọjá yìnyín tẹ́ẹ́rẹ́ ìgbà tí òtútù bá dín kù. Ìkejì ni ti ìdílé. Arktika, ọkọ̀ Soviet tó ń lo agbára núkíléà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ní 1977, òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gba ojú omi dé ṣóńṣó ayé níhà àríwá. Orúkọ ẹ̀ ni ìdílé náà ń jẹ́. Síbẹ̀, ní 1982, wọ́n yọ orúkọ yẹn kúrò, wọ́n fi ti olórí wọn tó kú, Leonid Brezhnev, rọ́pò ẹ̀. Ní 1986, wọ́n dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Ẹ ò rí i pé òṣèlú wà nínú orúkọ ọkọ̀?

Tiwa ńkọ́? A ò ní yìnyín lókun, ṣùgbọ́n a ní ọkọ̀ ogun.

Ní 1972, iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà gba ọkọ̀ méjì lọ́wọ́ Vosper Thornycroft nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sọ wọ́n ní Dorina àti Otobo. Dorina lédè Haúsá, erinmi ni. Otobo lédè Ìjọ, erinmi náà ni. Ní 1980, méjì tó tóbi jù wọ́n lọ tún dé láti iléeṣẹ́ kan náà: Erinomi àti Enymiri. Erinomi, Yorùbá ni. Ìkejì, Ìgbò ni: enyi mmiri. Enyi ni erin, mmiri ni omi. Yorùbá wo ẹranko yìí, ó ní erin omi ni. Ìgbò wò ó, ohun kan náà ló sọ. Nọ́ńbà ara wọn tẹ̀ léra: F81, F82, F83, F84.

Ẹ má gbàgbé pé oṣù kìíní 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Ọmọ ogun ojú omi yìí kan náà ló dí ọ̀nà òkun mọ́ Biafra láti 1967. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ogun, orúkọ Ìgbò wà lára ọkọ̀ wọn, pẹ̀lú ti Haúsá, Ìjọ àti Yorùbá. A ò sọ pé orúkọ lè wo irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sàn o. Ṣùgbọ́n ẹnì kan jókòó, ó ronú, kó tó kọ ọ́.

Erinmi nìkan kọ́. Nínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó gbé mísáìlì, Ekpe, Damisa, Agu àti Ekun wà níbẹ̀: ẹkùn ni gbogbo wọn, lédè Ẹ̀fíkì, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá. Àwọn ọkọ̀ tó ń gbé sójà gúnlẹ̀ sétí òkun, ọ̀nì ni wọ́n fi sọ wọ́n, torí ọ̀nì ń gbé omi, ó sì ń gun ilẹ̀: Ambe lédè Tífì àti Ofiom lédè Ẹ̀fíkì ní 1979, Kada lédè Haúsá ní 2022. Aradu ti 1982, èyí tó tóbi jù, àrá ni lédè Haúsá. Ọmọ Ṣàngó-Ọ̀tà wo ni ò ní mọ ìyẹn?

Ibi tó dùn wá ni ọwọ́ akọ̀wé. Erinomi yè é, torí kò ní àmì kankan tó lè sọnù. Enyi mmiri pàdánù lẹ́tà méjì, ó di Enymiri. Ẹkùn di Ekun, ẹni tí ò bá sì mọ̀ lè kà á sí ẹkún. Ọkọ̀ ogun wo ló máa ń jẹ́ ẹkún?

A fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tá a wo iṣẹ́ tiwa. Nínú sọ́fítíwíà tá a kọ́kọ́ ṣe, Ṣàngó di ?àngó, Ọ̀tà di ??tà. Àwọn tó ń lò ó wá ń kọ Sango àti Ota, kò sì sẹ́ni tó ṣàròyé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la tún àyè orúkọ ṣe. Ẹrù tó kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn ìyẹn, Ọ̀tà la kọ sí i, tòun tàmì ẹ̀.